Bí a ṣe ń ṣàlàyé ìmọ̀ ẹ̀rọ níwájú àwùjọ kí wọ́n lè gbọ́ ọ dópin

Ẹni tó bá ti dúró níwájú àwùjọ rí láti ṣàlàyé bí ẹ̀rọ kan ṣe ń ṣiṣẹ́ yóò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ òun. Ojú àwọn ènìyàn ṣì lè wà lára ògiri tí àwòrán ń hàn sí, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ti kúrò níbẹ̀: ẹnì kan ń wo fóònù lábẹ́ tábìlì, ẹlòmíràn ń fi ìwé tí a pín fún un fẹ́ ara rẹ̀, àwọn tó jókòó sẹ́yìn sì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iṣẹ́ iná oòrùn ni mò ń ṣe, mo sì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Ìbàdàn, tí wọ́n pè mí láti wá ṣàlàyé bátìrì àti ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná inú bátìrì di irú èyí tí à ń lò nínú ilé, fún wọn. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, gbogbo ìṣirò rẹ̀ ló sì pé, síbẹ̀ nígbà tí mo parí, kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tó lè tìtorí ọ̀rọ̀ mi mọ bátìrì tí òun yóò rà. Wọ́n tún fún mi láyè lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́. Ohun tí mo kọ́ láàárín ìgbà méjèèjì ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀rọ, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà kí ó máa ṣàlàyé ohun tó le fún àwọn tí kì í ṣe iṣẹ́ náà.

Inú ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ gbé wá láti ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sórí síláìdì, ẹ wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta lára àwọn tí yóò jókòó gbọ́ yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń rú wọn lójú nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, láì tún un ṣe. N kò ṣe èyí nígbà àkọ́kọ́. Mo rò pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín bátìrì olómi àti bátìrì lithium ni wọ́n fẹ́ gbọ́, nítorí pé òun ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń jiyàn lé lórí. Nígbà kejì, mo kọ́kọ́ lọ jókòó ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ, ohun tó sì sọ fún mi nìyí: “Ẹnjiníà, ìnfátà mi a máa gbé fáànù àti gílóòbù mọ́jú. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé bí ọmọ mi bá ti lọ aṣọ díẹ̀ báyìí, ó ti kú?” Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wáàtì, ìyẹn bí ohun èlò kan ṣe ń jẹ iná tó, àti nípa bí bátìrì ṣe ń pa iná mọ́ àti bí ó ṣe ń tú u sílẹ̀, ló wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo yìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn tí àwọn fúnra wọn ṣí ni mo gbà wọlé.

Bí ìbéèrè bá ti wà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú. Ó ṣòro fún àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra lọ́wọ́ wa la ṣe fẹ́ ròyìn rẹ̀: ohun tí a lò, bí a ṣe dán an wò, ohun tí a rí, lẹ́yìn náà ohun tí a pinnu. Ẹni tó ń kàwé lè ṣí ojú ewé padà. Ẹni tó ń gbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, kò ní mọ èyí tí yóò dì mú nínú gbogbo ohun tí à ń dà sí i létí.

Àpẹẹrẹ tó máa ń wá sí mi lọ́kàn jù lórí èyí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2003. Nígbà tí ọkọ̀ ojú sánmà Columbia gbéra ní ọjọ́ 16 oṣù náà, fóòmù kan já lára táǹkì epo rẹ̀, ó sì gbá ìyẹ́ rẹ̀ apá òsì. Bí ọkọ̀ náà ti wà lókè lọ́hùn-ún, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣírò bóyá ohun tó gbá a lè ṣe é ní jàǹbá, wọ́n sì fi síláìdì gbé àbájáde wọn ka iwájú àwọn ọ̀gá. Lórí ọ̀kan nínú àwọn síláìdì náà, àkọlé ńlá tó wà lókè dún bí ẹni pé àwọn ìdánwò àtẹ̀yìnwá fi ọkàn ènìyàn balẹ̀. Àwọn ìlà kéékèèké tẹ̀ lé e, ìlà nínú ìlà, ìpín nínú ìpín, ó sì di ìsàlẹ̀ pátápátá kí wọ́n tó mẹ́nu ba ohun tó yẹ kó ká gbogbo ilé lára, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ti kọjá ibi tí ìdánwò wọn dé. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fojú bù ú, fóòmù tó gbá ọkọ̀ náà tóbi ní ìlọ́po 640 ju èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń padà bọ̀ wálé, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà tẹ síláìdì yìí sínú ìròyìn wọn, wọ́n sì bu ẹnu àtẹ́ lu fífi irú rẹ̀ rọ́pò àkọsílẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó kún. Kì í ṣe síláìdì ló fa ikú wọn. Ọ̀pọ̀ ìpinnu ló kó ara wọn jọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ nínú yàrá náà ni a fi sí ibi tí ojú ti máa ń rẹ̀ kí ó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìṣirò yẹn wò dáadáa, nítorí pé ọgbọ́n ńlá wà níbẹ̀. Lórí síláìdì náà, 1,920 àti 3 ni wọ́n kọ, tí wọ́n fi ínǹṣì ṣe ìwọ̀n àyè tí fóòmù kọ̀ọ̀kan gbà. Bí a bá yí i sí lítà, ti àkọ́kọ́ lé díẹ̀ ní 31, ìyẹn ni pé ó tóbi ju kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 tí a fi ń pọn omi lọ. Ti èkejì kò ju nǹkan bí omi ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta péré. Bí ẹnì kan bá gbé kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ ka orí tábìlì níwájú àwọn ọ̀gá, tó bu ṣíbí omi mẹ́ta sínú ife sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì wí pé, “Èyí tó wà nínú ife la dán wò, èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì ló gbá wa,” n kò rò pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ì bá ṣì máa wo aago.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí ó gbé nǹkan kan dání. Àwọn baba ńlá wa mọ agbára ohun tí a lè fi ọwọ́ mú. Òun ni wọ́n fi ń pààrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ fún un pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ fà mọ́ ọn. Bí òun náà bá dá mẹ́jọ padà, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọra. Grace Hopper, ọ̀gá nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ètò tó ń túmọ̀ ohun tí ènìyàn kọ sí èdè tí kọ̀ǹpútà lè lò, lo irú ọgbọ́n yìí nígbà tó bá ń kọ́ni. Ó ṣòro fún àwọn ènìyàn láti mọ bí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Hopper gé wáyà sí ègé ègé, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ó ń pín in fún àwọn olùgbọ́, ó sì ń ṣàlàyé pé ibi tí iná lè rìn dé jù lọ láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn nìyí. Fún ìlọ́po ẹgbẹ̀rún rẹ̀, ó gbé wáyà tó gùn tó nǹkan bí 300 mítà tí a ká jọ dání. Kò sí ẹni tó ríran tí kò ní mọ̀ pé ọ̀kan ju èkejì lọ, tàbí ìdí tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fi ń wá bí ẹ̀yà inú rẹ̀ yóò ṣe sún mọ́ ara.

Tèmi kò ní wáyà nínú. Kẹ́ẹ̀gì funfun méjì oní-lítà 10, tí omi inú wọn ń hàn láti ìta, ni mo gbé lọ sí ìpàdé kejì. Mo fi ìṣó lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọ̀kan. Mo gé ihò tó tó ẹnu ìgò sí ìsàlẹ̀ èkejì, mo fi àkísà dí méjèèjì, mo sì gbé bàsíà sábẹ́ wọn. Kí a tó yọ àkísà, mo bi àwùjọ pé èwo ni yóò kọ́kọ́ tán, àti pé nígbà tí ó bá tán, báwo ni omi yóò ṣe kù tó nínú èkejì. Ẹ má fo ìbéèrè yìí. Apàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ àlọ́ rẹ̀ láì jẹ́ pé àwọn ọmọ ti dáhùn “Ààlọ̀”. Ẹni tó ti dáhùn ti di ara ìtàn náà. Bákan náà, ẹni tó ti sọ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìdajì ni yóò kù kò ní gbé ojú kúrò lára kẹ́ẹ̀gì títí yóò fi mọ̀ bóyá òun jàre. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin méjì fa àkísà yọ, n kò sọ ohunkóhun. Kẹ́ẹ̀gì olójú ńlá ti gbẹ kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dìde tán láti wò ó. Èkejì ṣì ń ṣe ṣíṣíṣí sínú bàsíà nígbà tí mo ń dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni ìṣirò tó wúlò: kẹ́ẹ̀gì ni bátìrì, ihò sì ni ohun èlò tó ń fa iná lára rẹ̀. Mo kọ ọ́ lọ́wọ́ sórí pátákó, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n lè máa bá mi ṣe é. Bátìrì 12 fóltì tí a kọ 200 Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ó lè pa mọ́, sí lára: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400 wáàtì fún wákàtí kan. Bó bá jẹ́ bátìrì olómi, a kì í lò ó kọjá ìdajì kó má baà tètè bàjẹ́, nítorí náà 1,200 ló kù fún wa. Fáànù 50 wáàtì kan àti gílóòbù mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 10 wáàtì, àpapọ̀ wọn jẹ́ 90; bí a bá fi 90 pín 1,200, ó lé ní wákàtí 13. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì yóò jẹ ẹ́ tán láàárín wákàtí kan lé díẹ̀, kódà kò ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, bátìrì a sì máa tètè rẹ̀ bí a bá fa iná púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá aláṣọ náà ni ó kọ́kọ́ pariwo ìdáhùn kí n tó kọ ọ́.

Àfiwé ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ibẹ̀ fún àwùjọ. Ènìyàn lè da omi kẹ́ẹ̀gì tán pátápátá láì ṣe kẹ́ẹ̀gì náà ní ohunkóhun. Bí ó bá ṣe bátìrì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò pa á. Mo sọ èyí ní tààrà, mo sì rí i pé dípò kí ó ba àfiwé náà jẹ́, ó mú kí wọ́n tún tẹ́tí sí i. Ẹni tó bá fi àfiwé sílẹ̀ láì sọ ààlà rẹ̀ ń rán àwọn ènìyàn lọ sílé pẹ̀lú àṣìṣe.

Ní ti síláìdì, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan ṣoṣo, kí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ odindi gbólóhùn tó sọ ohun náà. “Àbájáde ìdánwò” kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. “Iná tí áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ tó ti fáànù ogún” ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Bí àwòrán ìlà bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà tó dùbúlẹ̀ àti ìlà tó dúró ń wọ̀n, kí ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ẹ lọ dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn kí àwọn ènìyàn tó dé, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè kà á. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí lẹ́tà tó kù lè tóbi. Ẹ má sì ka síláìdì sí àwùjọ létí, nítorí pé wọn yóò ti kà á tán ṣáájú yín.

Ọ̀rọ̀ èdè gba ìrònú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yorùbá máa ń fẹ́ hùmọ̀ orúkọ tuntun fún gbogbo nǹkan, mo sì mọ ìfẹ́ tó ń fa èyí, nítorí pé èmi náà fẹ́ kí èdè wa tó gbogbo ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìnfátà ni ìyá aláṣọ ń pè é, ìnfátà ni ẹni tó tà á fún un pè é. Bí mo bá pè é ní orúkọ gígùn tí mo hùmọ̀ lóru àná, ó di dandan kó kọ́kọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi kó tó gbọ́ ọ. Ibi tí Yorùbá ti wúlò jù ni ọ̀rọ̀ ìṣe: iná ń jò, bátìrì ń rẹ̀, wáyà ń gbóná, ẹ̀rọ kọ̀ láti gbé e. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, wọ́n sì péye. Ní ti orúkọ tí olùgbọ́ kò tíì gbọ́ rí, n kì í jẹ́ kó ju mẹ́ta lọ nínú ìjókòó kan, n kì í sì í sọ ọ̀kankan ṣáájú ohun tó ń jẹ́ orúkọ náà. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ni mo tó sọ ohun tí Ah dúró fún.

Ẹ kí àwọn ènìyàn dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn pé kí a fo ìkíni, kí a bọ́ sínú ọ̀rọ̀ kíákíá. Ìmọ̀ràn yẹn kò bá ilé wa mu. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó síwájú yóò máa wá ẹ̀kọ́ ilé yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ wáàtì. Ẹ kí wọn kú ìjókòó, ẹ júbà alága àti àwọn ìyá ọjà, kí ẹ sì dá a dúró níbẹ̀, nítorí pé ìtàn ibi tí ẹ ti kàwé ti wà lẹ́nu olóòtú ètò. Bí ẹ bá ti kí wọn tán, ìbéèrè ni kó tẹ̀ lé e.

Ẹ múra sílẹ̀ fún iná tí yóò lọ. Ẹ tètè dé gbọ̀ngàn, ó kéré tán wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ sì ki wáyà yín bọ ẹ̀rọ ibẹ̀ kí ẹ rí i pé ó bá a mu. Ẹ tẹ síláìdì méjì tàbí mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù sórí bébà ńlá. Bó bá jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ni ẹ fẹ́ fi hàn, ẹ ti ya fídíò rẹ̀ sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà yín ṣáájú, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ rárá. Ẹ sọ lẹ́tà ojú rẹ̀ di ńlá, kí ẹ sì ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbádùn wíwo ẹlòmíràn tó ń tẹ̀wé. Bí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, ẹ fi fídíò hàn, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí àwùjọ láti máa tún ẹ̀rọ ṣe.

Bí wọ́n bá fún yín ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ múra ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí pé ètò wa kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lákòókò, ẹni tó sì kẹ́yìn ni wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ lè yọ kúrò kí wọ́n tó sọ pé ẹ yára. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu ní ìdúró, fún ẹnì kan nínú ilé tí kì í ṣe iṣẹ́ yín, ibikíbi tó bá ti sọ pé “Kí nìyẹn?” ni ẹ ní iṣẹ́ sí.

Nígbà ìbéèrè, ẹ tún ohun tí ẹni náà bi yín sọ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, kí ẹ tó dáhùn. Ẹ má ṣe dójú ti ẹni tó béèrè ohun tó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Bàbá kan bi mí lọ́jọ́ náà pé, “Ṣé a ò kúkú lè gbé kẹ́ẹ̀gì mìíràn kún un ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀: a lè gbé e kún un, bátìrì méjì yóò pẹ́ tó ìlọ́po méjì, àmọ́ ta ni yóò máa pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì kejì? Páńẹ́lì tó wà lórí òrùlé gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá mọ ìdáhùn kan, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ lójú ẹni tó bi í, kí ẹ sì wá ẹni náà kàn nígbà tí ẹ bá rí ìdáhùn.

Àtẹ́wọ́ kò lè sọ fún yín bóyá wọ́n gbọ́ yín, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá ń túká, kí ẹ fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn, kí ẹ sì kọ èyí tó bá yí padà lẹ́nu wọn sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ṣì wà lọ́kàn yín. Níbi tí mo ti ń da omi bàsíà nù, mo gbọ́ tí ìyá aláṣọ ń ṣàlàyé fún obìnrin kan tó pẹ́ dé. Ó na ìka sí kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, ó ní, “Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì o. Áyọ́ọ̀nù nìyí.” Ó wá na ìka sí èkejì tó ṣì ń kán: “Fáànù rẹ nìyẹn.”